Mefa Lo Ku

Wọ́n ti fa aṣọ pupa sókè lórí òpó, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Fádérera kúnlẹ̀ lórí òkìtì tó ń jẹ́ Ilé Ìdẹ̀ra títí di àná. Ó ti ki wáyà Elétí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn abẹ́ ilé, bọ ihò kan láàárín kọnkéré méjì, ó sì fi orí wáyà kejì há etí ara rẹ̀. Lójú títì nísàlẹ̀, àwọn èèyàn dúró láìmira. Obìnrin kan la ẹnu, ẹkún fẹ́ bú jáde. Kó tó bú jáde, ẹ̀ṣọ́ kan ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fi aṣọ ẹnu lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó ki í bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú, omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún.

Òfin ló wí bẹ́ẹ̀. Bí Elétí bá ń gbọ́, alààyè òkè kò gbọdọ̀ fi ariwo bo ohùn alààyè ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó bínú sí òfin náà nígbà tí wọ́n ṣe é, torí pé nígbà yẹn kò tíì sí ẹni tí ilé wó lu èèyàn rẹ̀.

Alájà mẹ́rìnlá ni Ilé Ìdẹ̀ra. Ní báyìí, èèyàn lè fi àkàbà tí wọ́n fi ń kun ilé gùn ún dé òkè. Àwọn tó kọ́ ọ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbẹ́ márùn-ún. Gbogbo ilé Ìbàdàn ló gbẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí òkun ti gba Èkó, tí àwọn ará ibẹ̀ sì rọ́ dé pẹ̀lú ẹrù wọn àti òùngbẹ wọn. Wọ́n fa omi títí abẹ́ ilẹ̀ fi ṣófo. Àwọn onímọ̀ kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àwọn onímọ̀ míì dá wọn lóhùn. Wọ́n ní orí àpáta ni Ìbàdàn wà, pé àpáta kì í mì.

Ó mì. Àárọ̀ àná ni, nígbà tí àwọn èèyàn ń fọ abọ́ àárọ̀. Àwọn ilé onígíláàsì kọ́kọ́ da gíláàsì wọn sójú títì, lẹ́yìn náà ni ilé fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn kan kò wó, wọ́n kàn fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí méjì tó ń bọ̀ láti òde. Àwọn kan jókòó. Ìsàlẹ̀ wọn fọ́ pátápátá, òkè wọn sì wà bó ṣe wà, aṣọ tí wọ́n sá ṣì wà lórí okùn. Bí Ilé Ìdẹ̀ra ṣe ṣe kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀, àjà kan ń jábọ́ lé èkejì, bí ìwé tí èèyàn pa dé.

Fádérera ń retí. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí ilẹ̀ ti ń mì díẹ̀díẹ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń wó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Olùgbọ́ ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ńlá ni. Kó kúnlẹ̀ ni iṣẹ́ náà, kó dákẹ́, kó má sì ṣe sùn.

Elétí dún ní etí rẹ̀.

“Mefa lo ku. Ko si oro mii.”

Lẹ́yìn ìyẹn, kò dún mọ́.

Ohùn Elétí tẹ́jú bí páálí. Kì í lọ sókè, kì í sọ̀ kalẹ̀. Kọnkéré máa ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó máa ń mu ohùn orí rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà wá láti ibi tí èèyàn lè gbé ohùn sókè sílẹ̀ bó ṣe wù ú, tí ọ̀rọ̀ kò sì ní yí padà. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nù. Wọ́n tà á bẹ́ẹ̀, ìlú sì rà á bẹ́ẹ̀.

Lórí ojú ẹ̀rọ tó so mọ́ ọrùn ọwọ́ Fádérera, ọ̀rọ̀ méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. KÚ lápá òsì, KÙ lápá ọ̀tún. Òfin ò gbà kí ẹ̀rọ dá yan. Olùgbọ́ ni yóò fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan, lójú ẹlẹ́rìí méjì.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀ṣọ́ rí i, ó fa aṣọ pupa wálẹ̀ dé ìdajì òpó. Bó bá wà ní ìdajì, èèyàn lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì gun òkìtì wá. Ìyá àgbàlagbà kan ni àkọ́kọ́, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Tíṣà, torí ó kọ́ ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn ní Yorùbá. Èkejì ni Mùfútáù, oníbúrẹ́dì. Ìyẹ̀fun àná ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀ lábẹ́ eruku. Ó wà nídìí ààrò rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì. Ìyàwó rẹ̀ Ṣèkínà àti àwọn ọmọ wọn méjì wà nílé, ní Ilé Olómi, tó wà ní òdìkejì títì. Elétí ti gbọ́ wọn láàárọ̀. “Awa meta wa nibi.” Kò sí ohun tó ṣòro nínú ìyẹn. Òfin sọ pé ẹlẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ ti inú ilé kejì wá, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọ̀rọ̀. Ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ràṣákì tẹ̀lé wọn, ẹni tó ń wa Òkété. Òkété ni ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò wọ inú ilé tó wó láìjẹ́ kí ìyókù ya lulẹ̀. Mẹ́jọ ni ìlú ní. Méje wà nínú ọgbà wọn nígbà tí òrùlé ọgbà náà wó lé wọn. Oòrùn ni èyí tó ṣẹ́kù ń jẹ, eruku sì ti bo oòrùn láti àná.

“Ẹ yára o,” ni Ràṣákì wí. “Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju ti ilé kan lọ. Ó lè má tó ọ̀kan gan-an.”

“Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?” ni Mùfútáù bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

“Lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ.”

Gbogbo wọn ń gbọ́ Ọlọ bó ṣe ń kùn láti ìhà Mọ́kọ́lá. Ilé tí Òkété kò bá lè dé, Ọlọ ni yóò lọ̀ ọ́ di yanrìn, kó tó di pé ilẹ̀ tún mì. Yanrìn ti tán nínú odò tipẹ́. Ìlú kò lè kọ́ ilé tuntun láìlọ ti àtijọ́. Ilé tí wọ́n lọ̀ ni ògiri yàrá Fádérera gan-an. Kò mọ ilé ta ni.

Ó fi orí wáyà lé Màmá Tíṣà lọ́wọ́, ó tẹ ẹ̀rọ kó tún un sọ. Màmá Tíṣà gbọ́. Ó fi lé Mùfútáù lọ́wọ́. Mùfútáù gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́.

Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé rẹ̀ fún. Òkété á lọ síbi tí ẹ̀mí bá pọ̀ sí. Bí mẹ́fà bá kù lábẹ́ Ilé Ìdẹ̀ra, ibẹ̀ ni yóò lọ. Bí mẹ́fà bá kú, a jẹ́ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ nìkan ló wà láàyè níbẹ̀. Ẹnì kan nìyẹn. Mẹ́ta ló wà ní Ilé Olómi.

Fádérera ń wo ẹnu wọn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ló ń gbọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ míì.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ẹnìtàn wà ní kékeré, ọkọ rẹ̀ kú sínú kànga ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ fún àwọn kan ní Bódìjà. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n má sọ fún ọmọ. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò. Ọmọ náà gbà wọ́n gbọ́. Ó ń fi ẹran bàbá rẹ̀ pa mọ́ sínú abọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí lífítì bá ti dún lójú ilé, á sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣe é títí ẹran fi rà, tí yàrá ń rùn, tí ó sì ń sunkún torí wọ́n fẹ́ da oúnjẹ bàbá rẹ̀ nù. Ọjọ́ yẹn ni Fádérera jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá rẹ kú. Kò ní padà wá. Kò sí ọ̀rọ̀ míì.”

Àwọn ará ilé bú u. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sùn mọ́jú lọ́jọ́ yẹn, kò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Láti ìgbà náà ni ó ti di ọ̀rọ̀ ilé wọn. Adìẹ kú: Ẹnìtàn á wọlé wá, á ní, “Màmi, adìẹ kú. Kò sí ọ̀rọ̀ míì.” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú ní ilé ìwé, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, lẹ́yìn náà ló tó sunkún. Ó dàgbà, ó ń tún lífítì ṣe káàkiri ìlú, ọ̀rọ̀ náà wá di ẹ̀fẹ̀ láàárín wọn. Ọbẹ̀ tán. Kò sí ọ̀rọ̀ míì. Kò sí ẹlòmíì tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mọ́níyà ni Ẹnìtàn sọ pé òun ń lọ láàárọ̀ àná. Fóònù kò ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà. Fádérera ti fi Mọ́níyà tu ara rẹ̀ nínú láti àná, torí ilé Mọ́níyà ò ga. Bóyá wọ́n ti yí iṣẹ́ padà fún un. Bóyá lífítì Ilé Ìdẹ̀ra ló bàjẹ́.

Òfin mìíràn wà. Bí olùgbọ́ bá mọ̀ pé ẹbí òun wà nínú ilé, ó gbọ́dọ̀ yọ wáyà, kó fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Fádérera kò yọ ọ́.

“Kù ni,” ni Màmá Tíṣà ń sọ. “Kí la tún ń wò? Ọmọ Yorùbá wo ló máa jókòó ti òkú mẹ́fà, tí á ní wọ́n kú? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n? Á ní wọ́n ti ṣaláìsí. Á ní wọ́n ti sùn. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìta, á ní wọ́n ti lọ.”

“Màmá,” ni Ràṣákì wí, “ẹni tí àjà mẹ́rìnlá wà lórí àyà rẹ̀, ṣé ó máa ráyè ẹ̀kọ́ ilé?”

“Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ilé máa ń jáde. Ìwọ, èmi ni mo kọ́ ọ, kò wọlé.”

“Òkété mi ló gba tèmi, Màmá. Òun kì í fèsì sí àgbà.”

Màmá Tíṣà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbá a léjìká díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọn eruku. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Fádérera. “Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ń lọ.”

“Ẹni kejì kò tíì sọ tiẹ̀,” ni Fádérera wí. “Mùfútáù, kí nìwọ gbọ́?”

Mùfútáù ń wo Ilé Olómi. Balùwẹ̀ ẹnì kan yọ síta níbẹ̀, ó la gbàgà, páànù ìwẹ̀ pupa rọ̀ síbẹ̀.

“Ẹ má bi mí bẹ́ẹ̀, Màmá.”

“Òfin ní kí n bi ọ́.”

“Bó bá jẹ́ ti ọkàn mi ni, kú ni mo gbọ́.” Ó nu ẹnu rẹ̀. “Ṣèkínà wà níbẹ̀ yẹn. Mùní wà níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Kú ni mo fẹ́ gbọ́. Mo tún un gbọ́ kí n lè gbọ́ kú.”

“Ó dáa. Sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá mi jáde láyé, èmi ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣakí. Mo ní, bàbá ti lọ sinmi. Ó ní, sinmi níbo, ṣé wọ́n ti wá sí Ṣakí ni? Mo tún ní, wọ́n ti lọ sinmi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ dè wọ́n kó tó yé e.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ yẹn ò wá sí mi lẹ́nu. Títí dòní mi ò tíì fi pe bàbá mi. Báwo ni mo ṣe máa wá ní ẹnì kan sọ ọ́ lórí èèyàn mẹ́fà, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń ka iṣu?”

“Ronú sí i,” ni Fádérera wí.

Ohùn rẹ̀ ti ga ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ẹ̀ṣọ́ yíjú wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ronú sí i, Mùfútáù. Àwọn kan wà tí kú ń jẹ́ kú lẹ́nu wọn. Wọn kì í fi nǹkan kan bò ó.”

“Ta ló máa tọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?”

Kò fi búni. Ó kàn ń béèrè ni, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fádérera wo ojú náà. Ohun tó ń fẹ́ ni kí Mùfútáù sọ pé kú. Bó bá sọ ọ́, ẹlẹ́rìí kan ní kú, ẹlẹ́rìí kan ní kù, ọ̀rọ̀ á di ti òun nìkan, bóyá òun á sì lè ṣe ohun tó tọ́ nítorí pé ẹnì kan ń bá òun jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a jà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un, wọ́n sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá.

Ó mọ̀ pé kú ni. Ẹnìtàn ò jẹ́ sọ pé mẹ́fà ló kù. Bí wọ́n bá wà láàyè, á ní wọ́n wà láàyè. Ìgbà tí nǹkan bá ti tán pátápátá ló máa ń ní kò sí ọ̀rọ̀ míì.

Ó rí nǹkan méjì tó lè ṣe. Ó lè sọ pé, ọmọ mi ni, mo mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kú ni. Òkété á lọ sí Ilé Olómi. Ọlọ á dé síbí lọ́la. Ẹnìtàn á jókòó nínú òkùnkùn, á máa gbọ́ bó ṣe ń bọ̀, ó sì mọ ohùn Ọlọ dáadáa, gbogbo ọmọ ìlú ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì, kò ní láti sọ ohunkóhun.

“Kù ni, Màmá,” ni Mùfútáù wí. “Ẹ tẹ kù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n torí mẹ́ta tèmi purọ́ pa ẹni mẹ́fà.”

Fádérera tẹ KÙ.

Kò fi ẹnu purọ́. Àtàǹpàkò ló fi pa á.

*

Òkété jí, ó na imú rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kọnkéré. Ohun tó bá gé, ó ń kó o sẹ́yìn ara rẹ̀, àwọn èèyàn sì tò láti máa gbé e kúrò lọ́wọ́ dé ọwọ́. Mùfútáù ló dúró ní iwájú jù lọ. Kò sí ẹni tó ní kó wá.

Nígbà tí wọ́n sinmi kí ẹ̀rọ lè tutù, ó sáré sọdá títì. Ó mú òkúta, ó kan irin kan tó yọ síta lára Ilé Olómi. Ó gbé etí lé e. Ó padà wá, ó ń mí gúlegúle.

“Wọ́n dáhùn,” ló sọ fún Fádérera. “Wọ́n lágbára. Wọ́n á dúró dè wá, àbí, Màmá?”

“Gbé èyí,” ni Fádérera wí, ó fi òkúta lé e lọ́wọ́.

Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ nísinsìnyí, wọ́n ṣì lè yí Òkété padà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí imú ẹ̀rọ náà kọjá àjà kìn-ín-ní, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó kọjá èkejì. Ràṣákì ń wo iná kékeré tó wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń pọ́n, ó ń ṣépè fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n lè yí padà mọ́, Fádérera sì mọ ìgbà tí ibẹ̀ kọjá. Ó rọrùn fún un díẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ilẹ̀ tún mì. Kò pẹ́, kò le. Gbogbo èèyàn dọ̀bálẹ̀ sójú títì. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, Ilé Ìdẹ̀ra kò yí padà. Ilé Olómi ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó tún ara rẹ̀ jókòó lórí àga. Páànù ìwẹ̀ pupa náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mùfútáù dìde. Ó wo ibẹ̀. Ó wo Òkété, tó ti wọ inú ilẹ̀ dé ìdí.

“Mẹ́fà ni,” ló wí, kò sì dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó tún mú òkúta.

Òkété já sínú kòtò lífítì nígbà tí oòrùn ń pọ́n. Ràṣákì pa á, ó gbọ́wọ́ sókè. Ọwọ́ kan yọ nínú ihò náà, eruku ti sọ ọ́ di funfun, bàtà iṣẹ́ kan tẹ̀lé e. Mùfútáù dọ̀bálẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá ẹni náà mú lábẹ́ abíyá, ó fà á jáde. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Ó ń ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀.

“Rọra,” ni Mùfútáù ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kú ewu. Rọra jókòó.” Ó ti tún yíjú sí ihò, ó na ọwọ́ sínú rẹ̀. “Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n lè rákò, àbí kí n wọlé?”

“Àwọn wo?”

“Àwọn mẹ́fà.”

“Wọ́n kú,” ni Ẹnìtàn wí.

Kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ tó wà ní ìdajì òpó. Ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Gbogbo títì gbọ́ ọ.

“Mo sọ fún yín. Mo ní mẹ́fà ló kú.” Ohùn rẹ̀ lọ sókè lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì dúró síbẹ̀. “Inú lífítì la wà. Ẹni tó gbẹ̀yìn wọn kú láàárọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.”

Mùfútáù ò fa ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú ihò. Ó wà ní ìdọ̀bálẹ̀ síbẹ̀.

Ẹnìtàn rí ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ojú rẹ̀ yọ̀, eruku ojú rẹ̀ là. “Màmi! Ẹ̀yin náà ni, àbí? Mo mọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà lórí wáyà, ẹ máa mọ̀ pé èmi ni. Ìdí tí mo fi fi ọ̀rọ̀ ilé wa kún un nìyẹn.”

“Ọ̀rọ̀ wo?” ni Mùfútáù béèrè. Ó ti jókòó báyìí.

“Kò sí ọ̀rọ̀ míì. Bí nǹkan bá kú nílé wa, bí a ṣe máa ń…” Ẹnìtàn dúró. Ó ti wo ojú ìyá rẹ̀.

Ràṣákì tẹ bọ́tìnì Òkété lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Iná kékeré náà kò tàn. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì fi wọ́n sápò.

“Ẹ mọ̀,” ni Mùfútáù wí.

“Mo mọ̀,” ni Fádérera wí.

“Ẹ ní kí n ronú sí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi? Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ ò bá ti sọ ọ́ fún mi.”

“Ọmọ mi ni.”

Màmá Tíṣà na ọwọ́ sí Mùfútáù. “Ọmọ mi, fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀mí kan náà ni gbogbo wa. Ohun tí Elédùmarè bá ti fọwọ́ sí, àwa ọmọ èèyàn ò…”

“Màmá Tíṣà, ẹ panu mọ́.”

Ó dájú pé Mùfútáù kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òun gan-an dà bí ẹni tó ń wá ẹni tó sọ ọ́.

“Ẹnu mi ni mo fi ní kí ẹ tẹ kù,” ni Mùfútáù wí. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkìtì náà. Kò sáré. Ó sọdá títì lọ sí Ilé Olómi.

Ẹnìtàn di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. “Màmi, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló wà lọ́hùn-ún?”

“Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì. Mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn fún ọ.”

Ẹnìtàn jọ̀wọ́ aṣọ náà. Ó wo ihò tí wọ́n ti fà á jáde, ó sì wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà padà síbẹ̀.

Wọ́n fa aṣọ pupa dé òkè òpó. Ó ti tó àkókò kí Elétí gbọ́ Ilé Olómi. Olùgbọ́ mìíràn kò sí ní ìtòsí, nítorí náà Fádérera ká wáyà rẹ̀, ó sì sọdá. Àwọn èèyàn yà fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Mùfútáù ti ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ó ń mú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra gbé e sílẹ̀ kó má dún, torí òfin. Fádérera kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ki wáyà bọ ibi tí irin náà wà, ó fi orí kejì há etí. Mùfútáù dáwọ́ dúró. Kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ó ń wò ó.

Ó pẹ́ kí Elétí tó sọ̀rọ̀.

“Awa meji wa nibi.”

Aṣọ pupa wà lókè. Kò lè sọ ọ́. Ó na ìka méjì.

Mùfútáù wo ìka náà. Ó ń wò wọ́n, ó ń dúró de ẹ̀kẹta.